Ọjọ́ Tí Mo Pa Sítóòfù Gbogbo Abúlé

Hálsvík, ọjọ́ Ajé

Sunnuva ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ilé wa ní erékùṣù. Àwọn àgùntàn kí ọ, òkun kí ọ, kùrukùru tó ti jókòó sórí òrùlé wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà kí ọ. Mo bẹ Olúwa pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní Copenhagen pẹ̀lú ara líle, kí òtútù ibẹ̀ má wọ inú egungun rẹ, kí o rí ojú rere àwọn ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, kí kẹ̀kẹ́ tí ò ń gùn láàárín àwọn bọ́ọ̀sì yẹn má gbé ọ ṣubú. Bí o bá rí i pé bírò mi fa ìwé yìí ya níbì kan tàbí méjì, má rò pé ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, inú ló ń bí mi. Inú ti ń bí mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá rẹ sì ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ bóyá ó máa jáde lára mi.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé ṣe wà. Àgbò rẹ tó ní ìwo kan ṣì wà láàyè, ó sì ti tún já wọ ọgbà pòtétò Àǹtí rẹ Billa. Òjò pọ̀ débi pé koríko tí a gé kò gbẹ. Bánkì ti ti ẹ̀ka wọn tó wà létí èbúté pa, ọmọbìnrin kan níbẹ̀ sì pè mí sọ́dọ̀ kí wọ́n tó tì í, ó ní láti ìsinsìnyí lọ inú fóònù ni owó mi máa wà, kí n fi ìka mi lé e lórí kó lè dá mi mọ̀. Mo bi í pé ṣé ìka ọwọ́ ọ̀tún ni. Ó ní èyí tó bá wù mí. Mo ní kó rò ó dáadáa, torí nínú Ìwé Ìfihàn, ọwọ́ ọ̀tún tàbí iwájú orí ni wọ́n ń fi àmì ẹranko náà sí, mi ò sì rí i kí wọ́n dárúkọ ọwọ́ òsì níbẹ̀. Ó wá ní màmá, ẹ kúkú lo òsì. Àtàǹpàkò òsì ni mo lò. Lẹ́yìn náà ló tún ní fóònù lè fi ojú mi dá mi mọ̀ bí mo bá gbé e sí ọ̀kánkán iwájú orí mi, mo sì sọ fún un pé ibi tí a dé yẹn ti tó.

Fóònù tí o rà fún mi wà dáadáa. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn wé e, mo gbé e sínú agolo bisikíìtì, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó nílòkulò. Lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìpàdé nìkan ni mò ń yọ ọ́ síta láti gbọ́ ohùn rẹ, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ mi. Fi ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ yìí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

O mọ ohun tí a gbà gbọ́ ní gbọ̀ngán ìjọ wa, ìjọ àwọn Ará. Olúwa máa kọ́kọ́ wá ní ìkọ̀kọ̀, ó máa gba àwọn tirẹ̀ sókè ní ìṣẹ́jú kan báyìí, ẹni tó ń bu ọbẹ̀ ò tilẹ̀ ní ráyè gbé ṣíbí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìpọ́njú ńlá ọdún méje á bo àwọn tó kù mọ́lẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba ẹgbẹ̀rún ọdún. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn kí eyín mi tó pé. Àǹtí rẹ Billa tó fẹ́ ọmọ ìjọ Lútérì, tó sì bá a lọ sí ìjọ tirẹ̀, kò gba ti ìkọ̀kọ̀ kankan. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Jésù ń bọ̀, gbogbo ojú ló máa rí i, òkú á jí, ìdájọ́ á wáyé, ó parí, àti pé ẹgbẹ̀rún ọdún tí à ń wí yẹn, inú rẹ̀ náà la wà tí a ń rẹ́ irun àgùntàn yìí. Síbẹ̀, nítorí pé àbúrò mi ni, mo ti fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹran gbígbẹ wà hàn án, kó lè rí nǹkan jẹ ní ọdún méje tí a ò ní sí nílé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ṣé ẹran nìkan ni, ṣé òun ò lè mú ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà, torí ó jọ pé ìpọ́njú ńlá máa fa aṣọ èèyàn ya. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, tí mo sì máa ń gbàdúrà fún un.

Èyí tó wá bà mí nínú jẹ́ ni ti bàbá rẹ. Nígbà tí àwọn àgùntàn ń bímọ lọ́wọ́ ló jókòó ka Mátíù orí kẹrìnlélógún, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ní Elspa, lẹ́yìn ìpọ́njú ọjọ́ wọnnì ni wọ́n kọ síbí, wọn ò kọ ṣáájú. Ó ní òun ti wà nínú ọkọ̀ ẹja láti ìgbà ọ̀dọ́ òun, òun ti dé ẹ̀gbẹ́ Iceland, òun ò sì rí ọ̀gákọ̀ tó kó àwọn atukọ̀ tó mọṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ìjì tó dé, tó wá fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò mọ okùn dì. Ó ní ìjọ máa la ìjì náà kọjá pẹ̀lú àwọn yòókù ni. Mo ní kó fi mọ sínú ara rẹ̀. Kò fi mọ sínú ara rẹ̀, ó sọ ọ́ ní ìpàdé Ọjọ́rú, lójú gbogbo àwọn Ará.

Ìyẹn ni wọ́n fi ránṣẹ́ pe Arákùnrin Sámal, oníwàásù, láti erékùṣù tó wà ní gúúsù. Ó gbé aṣọ àwòrán ńlá kan wá, ó kàn án mọ́ ògiri gbọ̀ngán, gbogbo ìgbà ìkẹyìn ló wà níbẹ̀ láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn alàgbà ní kí bàbá rẹ máa jókòó sórí àga ẹ̀yìn, kí àwo búrẹ́dì Olúwa máa kọjá lára rẹ̀ títí Arákùnrin Sámal á fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí kò bá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ títí di ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá yìí, wọ́n máa yọ ọ́ kúrò láàárín wa. O mọ bàbá rẹ, kì í ṣe ẹni tó ń ráhùn, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn Arákùnrin Sámal sì ni èmi wà. Mò ń gbé kọfí bàbá rẹ kalẹ̀ níwájú rẹ̀ láìbá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gun òkè lọ sí ilé ẹran láti lọ fọ àwọn ìwọ̀ tí a fi ń gbé ẹran kọ́, kí àsìkò pípa àgùntàn tó dé. O mọ bí ibẹ̀ ṣe rí, àlàfo wà láàárín pákó kan sí òmíràn, atẹ́gùn ń súfèé gba inú rẹ̀ kọjá, èèyàn ò lè gbọ́ nǹkan mìíràn. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kọfí bàbá rẹ wà lórí tábìlì, ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀. Jígí ojú rẹ̀ wà lórí Bíbélì. Bàtà ilé rẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ìkejì wà láàárín ilé, bí ẹni pé ńṣe ló fò jáde nínú wọn. Mo pè é, mo tún un pè. Mo jáde, mi ò gbọ́ ohùn àgbà, mi ò gbọ́ ti ọmọdé, ajá nìkan ló jókòó sójú ọ̀nà nínú kùrukùru tó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo sì mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi bí ọjọ́ yẹn á ṣe rí, bó sì ṣe rí gan-an nìyẹn, títí kan kọfí.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe àdúrà, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ní Hjalmar bàbá rẹ kẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó má jẹ búrẹ́dì, òun ni wọ́n mú, èmi tí mò ń nu gbogbo àga gbọ̀ngán yẹn láti ìgbà tí o wà ní ẹ̀yìn mi, èmi ni wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀ ẹran lọ́wọ́. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ ni mo gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jóná láti ilé Billa. Mo sáré wọlé kí n lè sọ fún un pé ó ti ṣẹlẹ̀, kó lọ mú kọ́kọ́rọ́. Billa ò sí. Pòtétò rẹ̀ ti fa omi tán lórí sítóòfù, ó ti ń dúdú. Billa tí kò gbà á gbọ́ rárá, tí mo ti pín oúnjẹ ìpọ́njú fún, wọ́n ti mú un lọ.

Mo pa sítóòfù rẹ̀. Mo wá rò ó pé bó bá rí báyìí nílé Billa, báwo ló ṣe máa rí nílé àwọn yòókù. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ abúlé, mo ń wọlé kan bọ́ sí òmíràn, mò ń pa sítóòfù, mò ń ti ẹ̀rọ omi, mò ń yọ wáyà áyọ́ọ̀nù. Nílé kan, omi ti fẹ́ kún inú agbada ìwẹ̀ àkúnya. Nílé kejì, ológbò ti gun orí tábìlì, ó ń jẹ ẹja olówó iyebíye. Ilé Dánjal tó máa ń mutí láti àárọ̀ ni mo bá dé, òun náà ti lọ, ìgò rẹ̀ ló dúró dè mí. Bí mo ṣe ń lọ ni inú mi ń ru sí i, mò ń bá Olúwa sọ̀rọ̀ sókè lójú ọ̀nà. Mo ní ṣé bó o ṣe máa ń ṣe nǹkan nìyí, o kó èèyàn kúrò nídìí iná láìfi ẹnì kan sílẹ̀ láti pa á. Mo ní ó hàn pé ẹni tó ṣètò èyí kò tíì dáná rí. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún bàbá rẹ. Nígbà tí mo dé ilé tó kẹ́yìn, tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ náà, ohun tí mò ń rò ni pé ta ni mo fẹ́ se oúnjẹ alẹ́ fún. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń gbàdúrà pé kó tètè dé. Mi ò mọ̀ pé bó bá dé bẹ́ẹ̀, mo máa bẹ̀ ẹ́ pé kó dá wọn padà.

Mo lọ sí gbọ̀ngán. Mo ní bó bá jẹ́ pé mo máa dúró de Aṣòdì sí Kristi ni, kó bá mi lórí àga tí mo fi ọwọ́ ara mi nù. Bí mo ṣe jókòó ni ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn tí a fi ń gba àlejò ṣí, Arákùnrin Sámal jáde pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìkan lẹ́sẹ̀, irun rẹ̀ dúró sí apá kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ọ̀sán. Ó bi mí pé ibo ni gbogbo èèyàn lọ. Mo ní wọ́n ti gbà wọ́n. Ó ní àwọn wo. Mo ní gbogbo wọn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó yọjú wo ìta, nígbà tó padà wọlé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n dárúkọ wọn. Nígbà tí mo dé orí Billa, ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ọmọ Lútérì ni. Mo ní kó lọ bi pòtétò rẹ̀. Nígbà tí mo dé orí Dánjal, ó di ẹ̀yìn àga mú. Nígbà tí mo dárúkọ Hjalmar, ó jókòó.

Mo rí i bó ṣe ń wo aṣọ àwòrán rẹ̀, níbi tí wọ́n ya àwọn èèyàn kéékèèké aláṣọ funfun sí tí wọ́n ń fò lọ sókè, tí àwọn tó kù wà nísàlẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ bojú. Ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wá ara rẹ̀ nínú fọ́tò. Lẹ́yìn náà ló ní Arábìnrin Elspa, ibo ni ẹsẹ tí ọkọ yín máa ń tọ́ka sí yẹn wà. Mo sọ fún un. Ó ṣí i, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní ẹ jẹ́ ká kàn sọ pé òótọ́ ni ohun tí Arákùnrin Hjalmar sọ, ká kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni o, á jẹ́ pé wọn ò tíì gba ẹnikẹ́ni, ìjọ ṣì wà láyé, èmi àti òun sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ní bí òun ṣe wá ń wò ó yìí, ẹ̀kọ́ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Ó dìde, ó yọ ìṣó tó di aṣọ àwòrán náà mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká a, ó tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní ká kúnlẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń gbàdúrà, ó ní Olúwa, jẹ́ kó jẹ́ pé Hjalmar ni ọ̀rọ̀ rẹ yé. Mo ní àmín. Tọkàntọkàn ni mo ṣe é.

Orí ìkúnlẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ hóònù. Àwọn mọ́tò ń bọ̀ láti inú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkè, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Billa ló kọ́kọ́ yọjú, aṣọ rẹ̀ tutù dé ìbàdí, ẹ̀jẹ̀ dé igbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ní ta ló wọ ilé òun tó pa sítóòfù òun. Àbùùbùtán ni, Sunnuva, àwọn ẹran ńlá inú òkun yẹn. Wọ́n rí agbo wọn ní ẹnu òkun tó wà lódìkejì òkè, ìkéde jáde, gbogbo abúlé sì ju ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sáré lọ dà wọ́n sétíkun láti pa wọ́n, bí a ṣe máa ń ṣe láti ayé àwọn baba ńlá wa. Ṣùgbọ́n láyé àwọn baba ńlá wa, wọ́n á dáná sórí òkè, àwọn géndé á máa sáré kiri tí wọ́n á máa ké, adití pàápàá á mọ̀. Ní báyìí inú fóònù ni wọ́n ń kéde rẹ̀ sí. Inú ìbọ̀sẹ̀ mi ni ìkéde náà ti dún títí, nínú agolo bisikíìtì. Ti Arákùnrin Sámal kò tilẹ̀ dún, torí kì í ṣe ará erékùṣù wa.

Bàbá rẹ rò pé mo wà nínú mọ́tò Billa, Billa rò pé mo wà nínú mọ́tò bàbá rẹ. Nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tí mo rò, Billa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti wá gbà níkẹyìn pé Olúwa lè mú ọmọ Lútérì, ọ̀rọ̀ náà sì tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ pàdánù ìkòkò pòtétò kan. Gbogbo abúlé ló ti gbọ́. Àwọn ọmọdé ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò mi, wọ́n ń bi mí pé Màmá Elspa, ṣé a ṣì wà.

Ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú. Nígbà tó di ìpàdé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aṣọ àwòrán ti padà sára ògiri. Arákùnrin Sámal fi ọ̀pá tọ́ka sí àwọn èèyàn kéékèèké tó ń fò yẹn, ó ní àwọn tó ń sọ pé ìjọ máa la ìpọ́njú kọjá ń jí ìrètí àwọn ọmọ Ọlọ́run gbé ni. Bàbá rẹ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Mi ò sọ ohun tí mo rí fún ẹnikẹ́ni, mo ní ọkùnrin náà á fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́rú kọjá, Ọjọ́bọ̀ kọjá, kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá Mortan tó jẹ́ olórí àwọn alàgbà wá sílé wa, wọ́n ní ó dun àwọn, ṣùgbọ́n bí Hjalmar ò bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, lọ́la ni. Bàbá rẹ ní òun ò lè sọ pé ìwé sọ ohun tí kò sọ. Nígbà tí Bàbá Mortan lọ tán, ó jókòó ń nu bàtà ìsìn rẹ̀. Ó nù ún, ó nù ún, mi ò lè wò ó mọ́.

O mọ̀ pé obìnrin kì í sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngán wa. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé àwo búrẹ́dì dìde lánàá, tó ku díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ mi, mo dìde, mo rìn gba àárín gbọ̀ngán kọjá, bàtà mi ń ró kokoko, mo lọ jókòó ti bàbá rẹ lórí àga ẹ̀yìn. Àwo dúró. Bàbá Mortan bi mí pé kí ló dé. Mi ò dáhùn, torí mo mọ òfin. Wọ́n tún bi mí. Mo na ìka sí Arákùnrin Sámal, ọwọ́ òsì ni mo fi nà án kó lè yé e dáadáa, mi ò sì gbé ọwọ́ náà sílẹ̀.

Mo rò pé ó máa sẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó dìde, ó gbá Bíbélì rẹ̀ mọ́ àyà, ó ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nínú gbọ̀ngán yìí, òun kúnlẹ̀, òun bẹ Olúwa pé kí ẹ̀kọ́ Arákùnrin Hjalmar jẹ́ òótọ́. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun. Ó jókòó. Mi ò tíì dárí jì í, ṣùgbọ́n ó dìde, mi ò ní fi ìyẹn dù ú.

Bàbá Mortan wo aṣọ àwòrán, wọ́n wo àwo tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá ní ó dáa, bí ìránṣẹ́ Ọlọ́run bá lè gba nǹkan yìí gbọ́ fún ọ̀sán ọjọ́ kan nítorí ẹ̀rù, tí kò sì sẹ́ni tó gba búrẹ́dì lẹ́nu rẹ̀, Hjalmar lè gbà á gbọ́ láìsí ẹ̀rù, kó jẹ tirẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sí àga ẹ̀yìn, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn, wọ́n gbé àwo náà síwájú bàbá rẹ. Ó bù ú tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì pín in fún mi. Inú ìdílé méjì ò dùn sí i, wọn ò kí wa nígbà tí a jáde. Kí wọ́n má kí wa.

Ìwọ tó wà láàárín àwọn tó mọ̀wé, bá mi bi wọ́n pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òótọ́, ti Billa ni, ti bàbá rẹ ni, àbí èyí tí ìyá mi kọ́ mi. Má fi ìwé ránṣẹ́ o. Mo ti ka ìwé tó pọ̀ lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn dá gbogbo àwọn tó kọ wọ́n lójú, kò sì sí èyí tó sọ bí mo ṣe máa ṣe sítóòfù. Owó díẹ̀ ni kí o fi ránṣẹ́, ká fi ra ìkòkò fún Billa, torí ó ní èmi ni mo pẹ́ kí n tó dé ìdí pòtétò òun, kí ó sì ṣẹ́ kù ká fi ra agogo irin ńlá kan tí a máa gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Má fi sínú fóònù, fún ẹni tó bá ń bọ̀ wálé mú wá. Ìpín àbùùbùtán tìrẹ wà nínú iyọ̀, wá jẹ ẹ́ kí òtútù tó dé.

Bàbá rẹ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí. Bó bá ń lọ wo àgùntàn, bó bá ń lọ síbi ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ, ó máa kọ́kọ́ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á ní Elspa, mò ń lọ o, ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń lọ, wọn ò gbé mi. Inú ń bí mi sí i. Mo sì ti sọ fún un pé lọ́jọ́ tó bá gbàgbé láti sọ ọ́, kó má padà wálé.

Kí Olúwa tó ń bọ̀ ní ọ̀nà tó bá wù ú máa ṣọ́ ọ ní ìlú yẹn. Kó má fi ìkéde inú fóònù pè ọ́, orúkọ rẹ ni kó fi pè ọ́. Kó jẹ́ kí o ráyè pa sítóòfù rẹ, kó sì jẹ́ kí ẹni tí o fẹ́ se oúnjẹ alẹ́ fún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nígbà náà.

Èmi ni màmá rẹ tó ṣì wà nílé,
Elspa